Sẹ̀ǹtímítà 15: Àkọsílẹ̀ yàrà páìpù kan ní àárín ìlú àtijọ́

Lórí ìwé, iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Páìpù omi onírin kan tó ti dípẹtà ń jò lábẹ́ ọ̀nà tóóró kan tó já sí gbàgede àárín ìlú àtijọ́ kan. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́, kí wọ́n sì fi páìpù oníke tó fẹ̀ ní mìlímítà 110 rọ́pò rẹ̀. Yàrà náà máa gùn ní mítà 62, á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, á sì jìn ní mítà 1.3. Ọjọ́ iṣẹ́ 6 ni agbaṣẹ́ṣe dá fún un. Nítorí pé ọ̀nà náà bọ́ sínú ààlà ìlú àtijọ́ tí òfin dáàbò bò, àdéhùn kan wà nínú ìwé àṣẹ: awalẹ̀pìtàn kan gbọ́dọ̀ dúró ti iṣẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí òkúta ojú ọ̀nà títí wọn yóò fi dí yàrà padà. Kì í ṣe pé kó wá gbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ o. Kó máa wò ni, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí ohun kan bá yọjú.

Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n sábà máa ń fojú tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ inú ihò kékeré ni ohun ńlá ti ń jáde. Ìpìlẹ̀ ilé lásán ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 tí àwọn orí idẹ fi jáde. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì 1978, àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó ń gbẹ́lẹ̀ ní àárín ìlú Mexico kan òkúta rìbìtì fífín kan tó fẹ̀ ju mítà 3 lọ, òun ló sì mú kí wọ́n tú tẹ́ńpìlì ńlá àwọn Aztec, àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́, jáde níbẹ̀. Ohun tó jáde nínú yàrà tí à ń sọ yìí kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà jáde, àti ìwọ̀nba tó bà jẹ́ kó tó jáde, yẹ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò dáadáa.

Gbólóhùn kan nínú ìwé àyẹ̀wò

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò lórí ìwé. Wọ́n wo àwòrán ilé-iṣẹ́ omi, wọ́n rí i pé ibi tí páìpù àtijọ́ gbà náà ni tuntun máa gbà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ilẹ̀ tí wọ́n ti tú tẹ́lẹ̀ ni.” Gbólóhùn yìí ló bí gbogbo ìpinnu yòókù. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ní ewu kéré, torí rẹ̀ ni wọ́n fi yan ẹnì kan ṣoṣo láti mójú tó iṣẹ́ náà, torí rẹ̀ náà ni wọn kò fi fi ọjọ́ kankan kún ọjọ́ 6 bóyá nǹkan á jáde.

Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́. Kò kàn pé ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ yàrà páìpù àtijọ́, kò sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Tuntun máa fẹ̀ ní 60. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 15 tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ìbáà jẹ́ pé ó pín sí apá méjèèjì, ìbáà jẹ́ pé ó bọ́ sí apá kan. Ẹ fi 15 yẹn ṣe ìlọ́po mítà 62 ní gígùn àti mítà 1.3 ní jíjìn, yóò lé díẹ̀ ní kúbíìkì mítà 12. Ilẹ̀ tó tó iyàrá kékeré kan nìyẹn, tó ṣì wà bí àwọn ará àtijọ́ ṣe fi í sílẹ̀, tí katakata sì fẹ́ kó dànù lábẹ́ orúkọ “ilẹ̀ tí wọ́n ti tú.”

Ọjọ́ kìíní: iyẹ̀pẹ̀ tí kò ní nǹkan

Mítà 14 ni wọ́n gbẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n ṣí òkúta ojú ọ̀nà, wọ́n kó iyanrìn abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni bọ́kẹ́ẹ̀tì katakata wọ inú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn onípáìpù àtijọ́ fi dí yàrà wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì aláìléyín ni àdéhùn sọ pé kí wọ́n lò, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Awalẹ̀pìtàn dúró níwájú yàrà, ó kọjú sí awakọ̀, níbi tí apá katakata kò lè dé. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé bí ó bá na ọwọ́ sókè tó dì í ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi í ní ìdí títí tó fi máa sọ̀rọ̀. Àdéhùn kékeré ni, àmọ́ níbi tí ariwo ẹ̀rọ bá ti bo ohùn, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Àkójọ iyẹ̀pẹ̀, òkúta fífọ́, èéfọ́ bíríkì àti èéfọ́ abọ́ ló ń jáde. Ní mítà 1.1 nísàlẹ̀, wáyà kan tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì jáde, ike tó bò ó lára ṣì ń dán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni èéfọ́ ìkòkò kan wà tó dà bí èyí tó ti pẹ́ gidi. Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí máa ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á rí ìkòkò náà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpele àtijọ́ ti dé. Bí ilẹ̀ ṣe jìn tó kò sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tó kéré lọ́jọ́ orí jù nínú ìpele kan ló ń sọ ìgbà tí wọ́n dà á síbẹ̀, wáyà oníke yìí sì ti sọ tirẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fóòmàn ti rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wá jókòó síbòji jàre. Iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn bàbá bàbá wa ti tú palẹ̀ ni eléyìí.” Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wọni létí. Láti àárọ̀, kò sí nǹkan kan. Oòrùn ń pani. Ìsàlẹ̀ yàrà ni gbogbo ojú sì wà, níbi tí kò sí nǹkan.

Ìlà dúdú ní mítà 19

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí mítà 19 láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrà, iyẹ̀pẹ̀ kan ya lára ògiri yàrà ní apá àríwá, ó wó lulẹ̀. Ibi tó ya yẹn ni ìlà dúdú kan ti hàn, tín-ín-rín, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀ṣẹ́ gòkè, ẹ̀rọ dúró.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ojú yàrà tí katakata bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń rẹ́ mọ́ra. Ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì a fi amọ̀ pa á bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń rẹ́ ògiri, kò sì sí àwọ̀ kan tó máa hàn. Awalẹ̀pìtàn fi tírówẹ̀lì ha mítà 2 lára ògiri náà láti òkè wá sísàlẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ tó ń já bọ̀ láti òkè má baà ba ìsàlẹ̀ tó ti hà jẹ́. Ó fi ike ìfọ́nmi wọ́n omi sí i bí ìrì, ó dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí omi náà wọlé. Ó wá fi páálí bo oòrùn kí ojú ògiri náà lè wà nínú òjìji lódindi, nítorí pé fọ́tò tí oòrùn bá gba ìdajì rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó jáde rèé. Láti ojú ọ̀nà dé sẹ̀ǹtímítà 45, ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ láyé òde òní ni. Láti 45 dé 74, iyẹ̀pẹ̀ àwọ̀ búráùn tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Láti 74 dé 77, èédú. Láti 77 dé 83, amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó le, tí iná ti sọ ojú rẹ̀ di pupa bí ìkòkò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ olómi-ọsàn. Ilẹ̀ ilé ni amọ̀ pupa yẹn, ilé tó jóná sì ni. Ní apá gúúsù, ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an, ìdàrúdàpọ̀ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibẹ̀ ni ògiri yàrà tuntun ṣì wà nínú yàrà àtijọ́. Ìyẹn ni pé àwọn onípáìpù ìgbà náà kò gbẹ́ gbọọrọ. Yàrà wọn tẹ̀ sí gúúsù, gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15 sì bọ́ sí àríwá.

Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ilẹ̀ ilé náà ti wà lára ògiri àríwá láti mítà 15 tàbí 16. Katakata ti kọjá níbẹ̀, ògiri ti rẹ́, ẹni tó ń wò sì ń wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ ha á, wọ́n bá a láti mítà 16.4. Mítà 2.6 ilẹ̀ ilé ló ti bá iyẹ̀pẹ̀ lọ sórí ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀.

Ìlàjà tó bí wàhálà

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà ìgbẹ́lẹ̀ yí padà. Katakata á kọ́kọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ yàrà àtijọ́ nìkan jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì á fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gé ẹ̀gbẹ́ àríwá, ìpele kan lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tó ń rin mítà 14 lóòjọ́ wá ń rin 5. Agbaṣẹ́ṣe ké gbàjarè, ó sì ní ẹjọ́ láti rò: owó katakata ń ká lójoojúmọ́, ó ń ṣiṣẹ́ o, kò ṣiṣẹ́ o.

Ìlàjà tí wọ́n ṣe dára lójú. Kí katakata lọ sí òpin kejì, kó máa gbẹ́ bọ̀ láti mítà 62, nígbà tí àwọn tó ń fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀ ń bá tiwọn lọ ní mítà 19. Ihò ìdánwò kan tí wọ́n gbẹ́ ní mítà 58 fi hàn pé wáyà iná àti páìpù gáàsì ti ba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ níbẹ̀. Báyìí, kò sẹ́ni tó máa jókòó lásán. Ọgbọ́n tó dára ni, iṣẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ti fi gbà là. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ di ojú méjì, ojú tó ń wò ó ṣì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n fẹnu kò pé awalẹ̀pìtàn á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí.

Lọ́jọ́ kẹta, ní mítà 47, katakata kan kọnkéré líle kan. Awakọ̀ pààrọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi eléyín fọ́ ọ. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì aláìléyín kò lè fọ́ kọnkéré. Ṣùgbọ́n kò yí i padà nígbà tó parí. Ní àkókò yẹn, awalẹ̀pìtàn wà ní mítà 19, ó ń ya àwòrán ògiri yàrà. Nígbà tó fi máa dé òpin kejì, ẹ̀rọ ti dé mítà 43.

Ìsàlẹ̀ yàrà kọ́ ló kọ́kọ́ rí i, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni. Òkúta mẹ́fà wà lórí òkìtì náà tí ẹ̀gbẹ́ wọn gún régé, tí ẹfun funfun tí wọ́n fi mọ wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára, ojú ibi tí ẹfun náà ti ya sì mọ́ tónítóní láìsí ìdọ̀tí kankan. Ibi tó bá ti ya tipẹ́ a ti dúdú. Èyí tó mọ́ bẹ́ẹ̀, àárọ̀ yẹn ló ya. Ògiri kan gba inú yàrà kọjá ní mítà 44. Eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ká òkúta òkè rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe ohun tó ṣeé ṣe. Iṣẹ́ dúró, wọ́n ya òkìtì ìṣẹ́jú ogún tó gbẹ̀yìn sọ́tọ̀, wọ́n ṣà á lọ́wọ́. Wọ́n ha ògiri yàrà méjèèjì. Ní àríwá, ìyókù ògiri náà wà níbẹ̀, ó nípọn sẹ̀ǹtímítà 90, ilẹ̀ amọ̀ pupa kan sì wá dúró lára rẹ̀, èédú lórí rẹ̀. Ní gúúsù, yàrà àtijọ́ ti gé ògiri náà tipẹ́. Nítorí náà, bí ògiri ṣe nípọn tó àti ibi tó kọjú sí kò sọnù. Ohun tó sọnù ni ìpele òkúta tó wà lókè, àti bóyá ibi tí ilẹ̀kùn wà, bí ilẹ̀kùn bá wà. Awakọ̀ kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó gbà pé ojú kan lè ṣọ́ ibi méjì ló jẹ̀bi, ìwé ìlàjà náà sì ní ìbuwọ́lùwé ẹni mẹ́ta.

Páìpù irin tó rì

Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé: ṣé ilẹ̀ ilé tó wà ní mítà 19 àti èyí tó wà ní mítà 44 wà ní ìpele kan náà? Ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga ilẹ̀ ló máa dáhùn. Ìdáhùn tó kọ́kọ́ jáde ni pé ti mítà 44 fi sẹ̀ǹtímítà 12 rẹlẹ̀ ju ti mítà 19 lọ. Ọ̀nà náà tẹ́jú. Sẹ̀ǹtímítà 12 tó láti sọ pé sáà méjì ni, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ojúmọ́: ilé àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, awalẹ̀pìtàn tún wọn oríkèé páìpù àtijọ́ tó ti wọ̀n lọ́jọ́ kejì ní mítà 19.6, nítorí pé wọ́n fẹ́ gé e. Ìwọ̀n tuntun fi sẹ̀ǹtímítà 9 rẹlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Páìpù irin tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún gbọọrọ kì í rì ní sẹ̀ǹtímítà 9 láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ̀rọ yìí kò mọ gíga ohunkóhun fúnra rẹ̀. A ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n sórí ibi kan tí a ti mọ gíga rẹ̀, a ó ka nọ́ńbà, ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n yòókù ti ń jáde. Ibi tí wọ́n yàn ni ọmọrí irin ihò gọ́tà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, torí pé ó le, ó tẹ́jú, ó sì sún mọ́ iṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ti gbé férémù ọmọrí náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 9, kó lè bá òkúta ojú ọ̀nà tuntun dọ́gba. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ wọn ni. Ọ̀pá ìwọ̀n wá ga sókè, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà lórí rẹ̀ dín ní 9, ohun gbogbo tí wọ́n sì wọ̀n lọ́jọ́ kẹta bọ́ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní iye yẹn gan-an.

Ohun tó kó wọn yọ ni ìwọ̀n kan tí wọ́n kà lọ́jọ́ kìíní lórí àtẹ̀gùn òkúta ilé àtijọ́ kan tó dojú kọ ọ̀nà, tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, tí wọn kò tún lò mọ́. Àtẹ̀gùn náà kò kúrò níbi tó wà. Wọ́n tún un wọ̀n, 9 náà ló jáde. Fọ́tò ọjọ́ kejì fi ọmọrí hàn níbi tó ti dọ́gba pẹ̀lú òkúta àtijọ́. Nínú ti ọjọ́ kẹta, sìmẹ́ǹtì tútù yí i ká. Wọ́n fi 9 kún gbogbo ìwọ̀n ọjọ́ náà, wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láìpa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín ilẹ̀ méjèèjì kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ìtàn ilé méjì tú ká. Èyí kò wá sọ pé ilé kan ṣoṣo ni láti mítà 19 dé 44 o. Ohun tó sọ ni pé kò sí ìdí kankan nínú gíga ilẹ̀ láti fi yà wọ́n.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ní àárín ìlú, ohun tó dà bí ẹni pé kò lè kúrò lójú kan ni wọ́n sábà máa ń gbé kúrò: ọmọrí gọ́tà, etí ọ̀nà, òpó iná. Ìdí ilé àtijọ́ ló dára jù, kó sì jẹ́ ibi méjì, kí wọ́n ka méjèèjì ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹsẹ̀ méjì ní mítà 23

Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn tó ń fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀ ní àríwá rí egungun. Kì í ṣe èyí tó fọ́n ká. Egungun ojúgun méjì ni, wọ́n tò síra, wọ́n yọ láti inú ògiri yàrà ní mítà 1.12 nísàlẹ̀. Ibi tó yẹ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà, kò sí nǹkan. Yàrà àtijọ́ ti gé e. Wọ́n bá ṣí àpò egungun tí wọ́n ṣà nínú iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ lọ́jọ́ kejì ní mítà 21, tí wọ́n kọ “ẹran” sí lára. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ egungun gìgísẹ̀ ènìyàn. Àwọn onípáìpù ìgbà náà ti rí òkú yìí tàbí kí wọ́n má rí i, wọ́n sì ti da ohun tí wọ́n gé padà sínú yàrà. Bí wọ́n bá ti fi egungun náà han ẹni tó mọ egungun lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ìbá fi mọ̀ ṣáájú pé isà òkú wà nítòsí.

Iṣẹ́ dúró. Wọ́n fi aṣọ bo ibẹ̀, wọ́n fi pákó yí i ká kí àwọn tó ń kọjá má baà máa ya fọ́tò, wọ́n sì sọ fún àwọn aláṣẹ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á kalẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá fẹ́ mọ̀ ni bóyá òkú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ògiri yàrà ló dáhùn. Isà náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ amọ̀ pupa, ilẹ̀ amọ̀ náà sì gba orí rẹ̀ kọjá láìya, láìlẹ́, èédú sì wà lórí amọ̀. Ẹni tó gbẹ́ isà náà ti gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó tẹ́ ilẹ̀ ilé, wọ́n sì ti tẹ́ ilẹ̀ ilé kí iná tó jó o. Àwòrán ìtòtẹ̀lé tí awalẹ̀pìtàn Edward Harris gbé kalẹ̀ ní 1973, èyí tí wọ́n fi ń to ìpele ilẹ̀ bí ìdílé, ló wúlò fún irú nǹkan báyìí: isà, ilẹ̀ ilé, iná, iyẹ̀pẹ̀ búráùn, yàrà páìpù. Ojú ìwé kan ṣoṣo gbà á, ọlọ́pàá sì kà á yé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ṣe ìpàdé tó yẹ kó ti wáyé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí yàrà bá fi 60 kọjá níbẹ̀, wọ́n á ní láti gbẹ́ òkú náà jáde. Ìdajì rẹ̀ á wà nínú yàrà, ìdajì á kù nínú ògiri, wọn kò sì lè máa gbẹ́ abẹ́ ògiri wọlé tọ̀ ọ́, torí bí òkú ṣe ń pín sí méjì nìyẹn, bí yàrà sì ṣe ń wó pa èèyàn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ẹ bó ṣe yẹ, wọ́n á fẹ ilẹ̀ sí i, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Yíyí páìpù gba ibòmíràn á kan wáyà iná. Lẹ́yìn gbogbo àlàyé yìí ni ẹnì kan wá bi ẹnjiníà pé kí ló fà á gan-an tí yàrà fi fẹ̀ ní 60.

Ẹnjiníà yẹ ìwé rẹ̀ wò. Páìpù náà kò bèèrè 60. Ohun tó bèèrè ni àyè sẹ̀ǹtímítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi iyanrìn ki í kó le. Bí páìpù bá jẹ́ 11, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41. Nínú yàrà tó fẹ̀ ní 45, àyè 17 ló máa kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 60 wọ inú ìwé nítorí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí agbaṣẹ́ṣe ní nílé nìyẹn.

Ìdí tí ènìyàn fi nílò yàrà fífẹ̀ ni pé kó lè wọ inú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Páìpù oníke yìí kò bèèrè bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ á fi di ọ̀kan gbọọrọ, wọ́n á sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n yá bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu 40 lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Láti mítà 20 dé 27, inú yàrà àtijọ́ nìkan ni wọ́n gbà kọjá, wọn kò sì fọwọ́ kan ògiri àríwá mọ́. Egungun ojúgun méjèèjì tó ti hàn, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n ya àwòrán wọn, wọ́n fi iyanrìn wẹ́wẹ́ bò wọ́n níbi tí wọ́n wà. Iṣẹ́ parí lọ́jọ́ kẹsàn-án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ìbá ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó ṣeé ṣe kí ìpele òkúta òkè ògiri mítà 44 ṣì wà lórí ara wọn lónìí.

Ohun tó yí padà lẹ́nu iṣẹ́

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lè mú ohun púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wúwo tó ara wọn. Èyí tó wúwo jù ni pé kí wọ́n bèèrè fífẹ̀ yàrà àtijọ́ àti fífẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kọ “ilẹ̀ tí wọ́n ti tú” sínú ìwé kankan. Bí wọn kò bá mọ fífẹ̀ yàrà àtijọ́, ihò ìdánwò méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ lórí ìlà náà á sọ ọ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Fífẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì àti irú ẹnu rẹ̀ yẹ kó wà nínú àdéhùn, pẹ̀lú ẹni tó láṣẹ láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ojú iṣẹ́ méjì, bí ó bá pọn dandan, ènìyàn méjì ni. Bí owó kò bá gbà á, kí katakata máa ṣe ohun tí kò gbẹ́lẹ̀, bíi kíkó òkúta tàbí dídí ibi tí wọ́n ti parí, nígbà tí ẹni tó ń mójú tó o bá ń ya àwòrán.

Ògiri yàrà ni kí wọ́n máa hà ní mítà 2 sí mítà 2 bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kódà nígbà tí kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Mítà 2.6 tó bá ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ lọ kò ní ju ìyẹn lọ láti gbà là.

Èédú tí wọ́n mú láti ibi méjèèjì, wọ́n fi fọ́ìlì wé e láìfi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ̀ka igi kéékèèké ni wọ́n sì yàn dípò igi àjà. Àárín igi ńlá lè ti kú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó gé igi náà, ọjọ́ orí tí ilé àyẹ̀wò bá sì fún un á jẹ́ ti igi, kò ní jẹ́ ti iná. Wọ́n tún kó iyẹ̀pẹ̀ lítà 40 láti orí ilẹ̀ ilé, kí wọ́n lè fi omi sẹ́ ẹ fún èso jíjóná àti egungun ẹja, ohun tí ojú kò lè rí nínú yàrà.

Láàárín mítà 20 sí 27, wọ́n fi aṣọ tí ń jẹ́ kí omi kọjá bo ògiri àríwá láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó da iyanrìn, wọ́n na téèpù ìkìlọ̀ sórí páìpù, wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ omi ní àwòrán tó ní nọ́ńbà ibi tí isà náà wà àti bó ṣe jìn tó, kó wà lórí àwòrán páìpù gan-an, kì í ṣe nínú ìjábọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí. Gíga tó wà lórí rẹ̀, orí àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n ti kà á.